Ibo ni wọ́n ti ń tan AVX? Àlàyé fún ẹni tó ń yá àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní kọ̀ǹpútà ilé rẹ̀

Ìbéèrè tí àwọn ọmọ FUTA, yunifásítì tó wà ní Àkúrẹ́, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé BOINC, prógírámù tí à ń fi yá àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní agbára kọ̀ǹpútà wa, sórí laptop wọn máa ń bi mí ni pé, “Ẹ̀gbọ́n, ibo ni wọ́n ti ń tan AVX?” Wọ́n ti kà á pé prósẹ́sọ̀, ìyẹn ọpọlọ kọ̀ǹpútà, tó bá ní AVX, àwọn àṣẹ tó ń jẹ́ kó ṣe ìṣirò púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, máa ń yára ṣe iṣẹ́ yìí ju èyí tí kò ní lọ. Wọ́n wo gbogbo inú settings, wọn ò rí ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn kan tiẹ̀ ti fẹ́ wọ inú BIOS, ìyẹn ètò ìpìlẹ̀ kọ̀ǹpútà, lọ máa yí ohun tí wọn ò mọ̀. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Lórí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tí à ń lò nílé, kò sí bọ́tìnnì AVX níbì kankan. Ibi mẹ́ta ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kó tó ṣiṣẹ́: prósẹ́sọ̀ fúnra rẹ̀, Windows tàbí Linux tó wà lórí kọ̀ǹpútà, àti prógírámù tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kọ. Tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ti gbà, ó ti ń ṣiṣẹ́ nìyẹn, ẹ ò ní tẹ nǹkan kan. Ooru àti iná ni iṣẹ́ tó kù fún yín, ibẹ̀ gan-an sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í wò.

Kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí à ń ṣe fún ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí ṣàjèjì sí. Àwọn ìṣirò kan wà nínú ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì tó pọ̀ débi pé yunifásítì kan ṣoṣo kò lè dá wọn ṣe tán. Àwọn onímọ̀ wá ń gé e sí wẹ́wẹ́, wọ́n ń fi í ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn káàkiri ayé. Bí ẹ bá ń jẹun, tàbí tí ẹ bá ti sùn, laptop yín á máa ṣe ìpín tirẹ̀. Tó bá parí, á dá èsì padà, á sì gba òmíràn. Yunifásítì California ní Berkeley ló ṣe BOINC, ọdún 2002 sì ni wọ́n gbé e jáde. SETI@home ti wà ṣáájú rẹ̀ láti oṣù Karùn-ún ọdún 1999, tó ń wá àmì ẹ̀dá mìíràn nínú ìgbì rédíò tó ń ti ojú ọ̀run wá. Ní 31 oṣù Kẹta 2020 ló dáwọ́ fífi iṣẹ́ tuntun ránṣẹ́ dúró.

Iṣẹ́ tó ti ọwọ́ àwọn olùyọ̀ǹda jáde kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Ní 2010, Einstein@Home, ọ̀kan nínú àwọn iṣẹ́ BOINC, kéde pé kọ̀ǹpútà tọkọtaya kan ní Ames, ìpínlẹ̀ Iowa ní Amẹ́ríkà, àti ti ọkùnrin kan ní Mainz, Jámánì, ni wọ́n rí pulsar tuntun kan nínú dátà tí ẹ̀rọ rédíò ńlá tó ń wo ojú ọ̀run ní Arecibo kó jọ. Òkú ìràwọ̀ ni pulsar, èyí sì ń yí bírí nígbà bíi 41 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ní oṣù Kẹta 2020, nígbà tí kòrónà sé gbogbo ayé mọ́lé, Folding@home, tó ń ṣe ìṣirò bí àwọn purotéènì inú ara ṣe ń ká, sọ pé agbára kọ̀ǹpútà tó wà lọ́wọ́ òun ti ju exaflop kan lọ, ìyẹn ìṣirò bílíọ̀nù lọ́nà bílíọ̀nù ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Èyí tó sún mọ́ wa jù nínú wọn ni Africa Rainfall Project, tí Yunifásítì Delft ní orílẹ̀-èdè Netherlands gbé sórí World Community Grid, òmíràn nínú àwọn iṣẹ́ BOINC, ní 2019 láti ṣe ìṣirò bí òjò ṣe ń rọ̀ ní ilẹ̀ Áfíríkà tó wà nísàlẹ̀ Sàhárà. Ẹni tó bá mọ ohun tí òjò tó pẹ́ jù ń fi ojú àgbẹ̀ kòkó rí ní Ìdànrè àti ní ìlú Oǹdó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yẹn kàn wá.

Kò sí owó nínú rẹ̀. Credit tí BOINC ń kọ sí orúkọ yín kò ṣe é ná, kò ṣe é tà. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ san owó ìforúkọsílẹ̀ kó tó mú yín wọlé, jìbìtì ló fẹ́ lù yín, nítorí ọ̀fẹ́ ni BOINC.

Ó yá, kí ni SSE, kí ni AVX? Iṣẹ́ prósẹ́sọ̀ ni kó mú nọ́ńbà méjì, kó ro wọ́n pọ̀, kó kọ èsì sílẹ̀, kó tún mú òmíràn. Àṣẹ kan, ìṣirò kan. Ẹ wo ẹni tó ń kó búlọ́ọ̀kù níbi tí wọ́n ti ń kọ́lé. Tó bá ń fi orí rù ú ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìrìn kan, búlọ́ọ̀kù kan ni. Bí wọ́n bá fún un ní bàrò tó ń gba mẹ́jọ, ìrìn kan náà ló rìn, àmọ́ búlọ́ọ̀kù mẹ́jọ ló dé. SSE àti AVX ni bàrò inú prósẹ́sọ̀. Èyí tí wọ́n ń pè ní SSE fẹ̀ ní 128 bit: ó ń gba nọ́ńbà mẹ́rin tó jẹ́ 32 bit, tàbí méjì tó jẹ́ 64 bit. AVX fẹ̀ ní 256 bit, ó ń gba mẹ́jọ tàbí mẹ́rin. AVX-512 gba ìlọ́po méjì ìyẹn. Òmíràn tún wà tó ń jẹ́ FMA, tó ń ṣe ìsọdipúpọ̀ àti àròpọ̀ papọ̀ nínú àṣẹ kan ṣoṣo, èyí sì wúlò púpọ̀ nínú ìṣirò sáyẹ́ǹsì, torí pé nǹkan méjì yẹn ni wọ́n ń ṣe láti àárọ̀ dalẹ́.

Ṣùgbọ́n bàrò kì í kó búlọ́ọ̀kù sínú ara rẹ̀. Ẹni tó kọ prógírámù ló gbọ́dọ̀ to iṣẹ́ náà kó lè wọ inú rẹ̀. Bí ó bá kọ ọ́ pé kí prósẹ́sọ̀ máa mú nọ́ńbà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, AVX yín á kàn jókòó síbẹ̀ ni, kò sì sí ohun tí ẹ lè yí ní Àkúrẹ́ tó máa jí i. Ẹ má sì retí pé AVX á sọ iṣẹ́ di ìlọ́po méjì eré SSE. Apá kan nínú ìṣirò gbọ́dọ̀ tẹ̀ léra wọn, èyí tó tẹ̀ lé e kò lè bẹ̀rẹ̀ àfi tí ti àkọ́kọ́ bá parí. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, prósẹ́sọ̀ á ti ṣe tán, RAM, ìyẹn ìrántí kọ̀ǹpútà, ni kò tíì gbé nọ́ńbà tó kàn dé. Torí náà, bí ẹ bá gbọ́ pé iṣẹ́ kan fi ìdá kan nínú mẹ́ta yára sí i, ẹ kà á sí èrè gidi.

Ibi àkọ́kọ́ tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i ni prósẹ́sọ̀. SSE dé pẹ̀lú Pentium III ní 1999, SSE2 tẹ̀ lé e pẹ̀lú Pentium 4, gbogbo prósẹ́sọ̀ 64 bit ti Intel àti AMD tí à ń lò sórí kọ̀ǹpútà ló sì ní SSE2. AVX dé ní 2011, AVX2 àti FMA dé sórí Intel ní 2013. Ní ọjà tòkunbọ̀ tiwa, ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀ ni èyí: HP EliteBook 8440p, tó ṣì wà níta títí dòní, jẹ́ ìran kìíní Core i5, kò ní AVX rárá. 8460p tó tẹ̀ lé e jẹ́ ìran kejì, ó ní AVX. 840 G1 jẹ́ ìran kẹrin, ó ní AVX2 àti FMA. Ẹ lè rí ìran náà lára nọ́ńbà tó tẹ̀ lé i5: i5-520M tó ní nọ́ńbà mẹ́ta péré jẹ́ ìran kìíní, i5-2520M, ìran kejì, i5-4300U, ìran kẹrin. Bí ẹni tó ń tà á bá ń sọ pé “Core i5 ni, i5 ni i5 ń jẹ́,” ẹ ní kó tan án kí ẹ fojú ara yín rí nọ́ńbà náà.

Ẹ ṣọ́ra fún orúkọ Celeron àti Pentium. Ọdún tí wọ́n ṣe é kò tó láti fi mọ̀ ọ́n, nítorí Intel yọ AVX kúrò nínú Celeron àti Pentium fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn tí Core i3 ti ní in. Laptop kékeré tuntun nínú páálí tó ní Celeron N4020 kò ní AVX, nígbà tí EliteBook tòkunbọ̀ tó ti lò tó ọdún mẹ́wàá ní in. Ó máa ń dun àwọn òbí tó ti ra tuntun fún ọmọ wọn tí mo bá sọ èyí fún wọn, ṣùgbọ́n laptop kékeré yẹn ṣì wúlò, n óò dé orí ẹ̀.

Ibi kejì, ìyẹn Windows tàbí Linux, kò le. Kọ̀ǹpútà máa ń pín àkókò prósẹ́sọ̀ láàárín prógírámù púpọ̀: ó á dá BOINC dúró díẹ̀, á fún Chrome ní àyè, á tún padà sí BOINC. Kó tó kúrò lórí ọ̀kan, ó gbọ́dọ̀ fi gbogbo nọ́ńbà tó wà lọ́wọ́ prósẹ́sọ̀ pamọ́ kó lè bá wọn bẹ́ẹ̀ nígbà tó bá padà. Windows tí kò mọ AVX kò mọ̀ bí a ṣe ń pa nọ́ńbà 256 bit mọ́, torí náà kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lò ó. Windows 7 tí kò ní Service Pack 1 wà nínú irú wọn. Windows 7 tó ní Service Pack 1, Windows 8, 10, 11, àti Linux èyíkéyìí tó jáde lẹ́nu ọdún mẹ́wàá yìí, gbogbo wọn ló mọ̀ ọ́n. Bí ẹ bá ń lo Windows 7 àtijọ́ títí di ìsinsìnyí, AVX kọ́ ló yẹ kó kọ́kọ́ ká yín lára. Ààbò owó tó wà nínú báǹkì yín ni.

Ibi kẹta ni prógírámù, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti dùn. Nígbà tí BOINC bá bẹ̀rẹ̀, ohun tó kọ́kọ́ ń ṣe ni pé ó máa bi prósẹ́sọ̀ léèrè ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe, á sì kọ ìdáhùn sílẹ̀. Ẹ ṣí BOINC Manager, ẹ lọ sí View, ẹ yan Advanced View, lẹ́yìn náà ẹ lọ sí Tools, ẹ tẹ Event Log. Ẹ lọ sókè pátápátá. Ẹ ó rí ìlà kan tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú “Processor features:”, tí àwọn orúkọ kéékèèké tò tẹ̀ lé e bí orúkọ nínú ìwé ìpè kíláàsì: fpu, vme, mmx, sse, sse2, pni, ssse3, fma, sse4_1, sse4_2, avx, avx2. Ẹ má bẹ̀rù tí ẹ ò bá rí sse3 níbẹ̀, pni yẹn ni. Bí avx bá wà nínú ìlà yìí, ibi àkọ́kọ́ ti dáhùn, nǹkan kan ò sì sí fún yín láti tàn. Tí ẹ bá wà lórí Linux, ẹ kàn tẹ lscpu sínú terminal, ìlà “Flags” á sọ ohun kan náà.

Orúkọ wọ̀nyẹn ni BOINC ń kó lọ fún kọ̀ǹpútà àwọn onímọ̀ nígbà tó bá fẹ́ gba iṣẹ́. Bí iṣẹ́ náà bá ní ẹ̀yà prógírámù ju ọ̀kan lọ, ohun tó bá prósẹ́sọ̀ yín mu ni wọ́n á fún yín. Asteroids@home, tó ń ṣe ìṣirò bí àwọn òkúta inú òfúrufú ṣe rí àti bí wọ́n ṣe ń yí, ní ẹ̀yà fún SSE2, fún SSE3, àti fún AVX. Ní ìbẹ̀rẹ̀ wọ́n lè fi ẹ̀yà méjì tàbí mẹ́ta dán kọ̀ǹpútà yín wò, kí wọ́n fi mọ èyí tó yá jù lórí rẹ̀. Ẹ má ṣe pa iṣẹ́ náà rẹ́ torí pé ẹ rí i tí wọ́n kọ sse2 sí i. Ẹ fún un láyè. Lójú ìwé Tasks, lábẹ́ Application, ni ẹ ti máa rí i bí wọ́n bá ti kọ avx sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ iṣẹ́ náà.

Àwọn mìíràn kò gba ọ̀nà yẹn. Folding@home kò lo BOINC, prógírámù rẹ̀ fúnra rẹ̀ ló ń wo prósẹ́sọ̀ tó sì ń yan. Prime95 tó jẹ́ ti GIMPS, àwọn tó ń wá “prime” ńláńlá láti 1996, ìyẹn nọ́ńbà tí kò sí ohun tó lè pín in dọ́gba àfi 1 àti òun fúnra rẹ̀, máa ń kọ ọ́ sójú yín gbangba: “Using FMA3 FFT” tàbí “Using AVX-512 FFT”. George Woltman tó dá GIMPS sílẹ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ̀pọ̀ nínú ìṣirò yẹn ní èdè tí prósẹ́sọ̀ gbọ́ tààrà, láìgba ọwọ́ ẹ̀rọ atúmọ̀, ìdí nìyẹn tó fi ń lo bàrò kún dẹ́nu ju èyí tó pọ̀ nínú àwọn tó kù lọ. Ní oṣù Kẹwàá 2024, olùyọ̀ǹda GIMPS kan rí prime tó tóbi jù tí ẹ̀dá mọ̀ nígbà náà: ó gùn ní 41,024,320 díjíìtì.

Àwọn kan á ti sọ fún yín nípa app_info.xml. Òótọ́ ni pé nígbà ayé SETI@home, àwọn olùyọ̀ǹda tó mọ prógírámù kọ ṣe ẹ̀yà tiwọn tó yára ju ti yunifásítì lọ, fáìlì yẹn sì ni wọ́n fi ń sọ fún BOINC pé kó lò ó. Ọgbọ́n ńlá ni, mo sì bọ̀wọ̀ fún àwọn tó ṣe é. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti fi fáìlì yẹn síbẹ̀, BOINC kò ní gba prógírámù tuntun fúnra rẹ̀ mọ́ fún iṣẹ́ náà. Ẹ̀yin lẹ ó máa wá a, ẹ̀yin lẹ ó máa pààrọ̀ rẹ̀. Bí ẹ bá fi ẹ̀yà AVX sórí prósẹ́sọ̀ tí kò ní AVX, iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan á kú lójú ẹsẹ̀ tó bá bẹ̀rẹ̀. Kí ló wá fa gbígba fáìlì prógírámù lọ́wọ́ ẹni tí ẹ ò mọ̀ rí sórí kọ̀ǹpútà tí ẹ fi ń wọ báǹkì? Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ìmọ̀ràn mi ni pé kó fi í sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti àwọn tó ń sọ pé kí ẹ pa ààbò tí wọ́n fi sínú Windows àti Linux láti 2018 nítorí Spectre àti Meltdown, ìyẹn àlèébù inú prósẹ́sọ̀ tí olè lè gbà jí ọ̀rọ̀ àṣírí, kí kọ̀ǹpútà lè sáré díẹ̀ sí i. Èrè tó wà níbẹ̀ kò tó ewu rẹ̀.

Nǹkan kan ṣoṣo ló ní bọ́tìnnì lóòótọ́, kì í sì í ṣe AVX. Virtualization ni. Àwọn iṣẹ́ kan ní LHC@home, tó wà fún ẹ̀rọ ńlá CERN, ibùdó ìwádìí físíìsì, ní Geneva, ń ṣiṣẹ́ nínú VirtualBox, ìyẹn ni pé wọ́n ń dá kọ̀ǹpútà mìíràn sílẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà yín. Wọ́n nílò ohun tí Intel ń pè ní VT-x, tí AMD ń pè ní AMD-V, ọ̀pọ̀ laptop tòkunbọ̀ ló sì wọlé pẹ̀lú rẹ̀ ní pípa. Lórí Windows 10, ẹ ṣí Task Manager, ẹ tẹ Performance, ẹ tẹ CPU, ẹ wo ibi tí wọ́n kọ “Virtualization” sí nísàlẹ̀. Bó bá jẹ́ Disabled, ẹ pa laptop náà, ẹ tan án, ẹ máa tẹ F10 tó bá jẹ́ HP, tàbí F2 tó bá jẹ́ Dell, kí ẹ wá Virtualization Technology, ẹ tan án, ẹ tẹ save. Ẹ má fọwọ́ kan nǹkan mìíràn níbẹ̀. Iṣẹ́ VirtualBox ń jẹ RAM, ó ń jẹ dátà, kì í sì í fara da kí iná máa lọ lójijì. Bí ẹ bá ń ra dátà orí fóònù fi lò ó, ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀.

Ó wá ku ooru. Àṣẹ AVX ń mú prósẹ́sọ̀ gbóná ju àṣẹ lásán lọ, torí pé ó ń jí apá tó pọ̀ nínú rẹ̀ dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Prósẹ́sọ̀ laptop á bẹ̀rẹ̀ sí í dín eré ara rẹ̀ kù tó bá ti dé nǹkan bíi 100°C, kó má bàa jóná. Ẹ wá rò ó wò: AVX fún yín ní eré, ooru gbà á padà. Mo ti rí laptop kan ní ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní South Gate tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì, tí fáànù rẹ̀ ń han gooro, tí eré rẹ̀ sì ti jáwálẹ̀ sí ìlàjì ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀. A gbé e sórí tábìlì, a fi ìwé méjì gbé ẹ̀yìn rẹ̀ sókè, a ṣí i, a gbọn eruku ọyẹ́ tó ti di bí òwú mọ́ ẹnu fáànù dànù. Eré rẹ̀ padà láìjẹ́ pé a yí ohunkóhun nínú settings. Tó bá ti pẹ́ gan-an, ó lè nílò thermal paste tuntun láàárín prósẹ́sọ̀ àti irin tó ń fa ooru. Ẹ fún ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe. HWiNFO lórí Windows àti àṣẹ sensors lórí Linux á fi ìwọ̀n ooru hàn yín.

Bí ó bá ṣì ń gbóná, ẹ lọ sí Power Options nínú Windows, ẹ wá “Maximum processor state”, ẹ sọ ọ́ di 99%. Turbo Boost, ìyẹn eré àfikún tí prósẹ́sọ̀ ń sá, á kú, ooru á já wálẹ̀ gan-an, iṣẹ́ tí ẹ sì máa pàdánù kò tó bí ẹ ṣe máa rò. Nínú BOINC pẹ̀lú, ẹ wo Options, lẹ́yìn náà Computing preferences. Ìlà méjì ló wà níbẹ̀ tó ń da àwọn èèyàn rú. “Use at most … % of the CPUs” ń sọ iye core, ìyẹn àwọn ẹ̀rọ ìṣirò inú prósẹ́sọ̀ tó ń dá ṣiṣẹ́, tí BOINC lè lò. “Use at most … % of CPU time” ń mú kí BOINC máa ṣiṣẹ́ díẹ̀, kó dúró díẹ̀, kó tún ṣiṣẹ́, kí ooru máa lọ sókè sódò. Ẹ fi èkejì sílẹ̀ ní 100, ẹ dín ti àkọ́kọ́ kù.

Ìdí mìíràn wà tí mo fi fẹ́ràn 50% fún ti àkọ́kọ́. Laptop tó ní i5-4300U ní core méjì péré, ṣùgbọ́n Windows á sọ fún yín pé mẹ́rin ni, nítorí Hyper-Threading ń jẹ́ kí core kan gba iṣẹ́ méjì pọ̀. Iṣẹ́ méjì yẹn ń pín ẹ̀rọ AVX kan náà lò ni. Fún iṣẹ́ tó ń lo AVX dójú àmì bíi Prime95, iṣẹ́ kan lórí core kọ̀ọ̀kan ti tó. Ẹ̀kẹta àti ẹ̀kẹrin á kàn máa dúró de ara wọn, wọ́n á sì máa dá kún ooru. Fún iṣẹ́ tí kò lo AVX púpọ̀, mẹ́rin lè fún yín ní èrè díẹ̀. Ẹ dán méjèèjì wò fún ọjọ́ mélòó kan, kí ẹ fi iye iṣẹ́ tó parí wé ara wọn. Ẹ má wo bí iṣẹ́ kan ṣe pẹ́ tó nìkan.

RAM náà ń ṣèdíwọ́. Tòkunbọ̀ púpọ̀ máa ń wọlé pẹ̀lú igi RAM kan nínú ihò méjì. Igi kejì tó bá èkíní dọ́gba á jẹ́ kí prósẹ́sọ̀ máa gba nọ́ńbà láti ọ̀nà méjì lẹ́ẹ̀kan náà, iṣẹ́ tó ń lo AVX sì ni yóò kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n lára. Bí ẹ bá ní owó díẹ̀ tí ẹ fẹ́ ná sórí laptop àtijọ́, ibẹ̀ ni mo máa ní kí ẹ ná an sí.

Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ iná. Ká ní laptop yín ń jẹ 40 watt nígbà tí iṣẹ́ bá wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Wákàtí mẹ́wàá, unit kò ju 0.4 lọ. Ká ní unit kan jẹ́ 210 naira ní àdúgbò yín, 84 naira nìyẹn lóru kan, 2,520 naira láàárín ọgbọ̀n ọjọ́. Ẹ fi iye tó wà lórí mítà tiyín rọ́pò tèmi, kí ẹ wo bóyá ẹ lè yọ̀ǹda rẹ̀. Kò sí ẹni tó máa bú yín tó bá jẹ́ pé òpin ọ̀sẹ̀ nìkan lẹ lè ṣe é. Bí ó bá jẹ́ kọ̀ǹpútà ibi iṣẹ́ tàbí ti ilé-ìwé ni, ẹ gba àṣẹ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Iná tiwọn lẹ fẹ́ yọ̀ǹda.

Ohun kan wà tí ìwé àwọn òyìnbó kì í kọ nítorí kì í ṣe wàhálà tiwọn. BOINC ní ibi tí ẹ ti lè sọ pé kó dúró nígbà tí laptop bá ń lo bátìrì. Ṣùgbọ́n bí NEPA bá mú iná lọ tí inverter sì gbà á, laptop yín kò mọ̀. Lójú tirẹ̀, iná ṣì wà. Á máa fi AVX fa bátìrì inverter títí ilẹ̀ ó fi mọ́, ẹ ó sì jí bá fíríìjì tó ti kú. Jẹnẹrétọ̀ náà nìyẹn, mi ò sì lè gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn pé kó máa fi epo bẹntiróòlù ṣe iṣẹ́ yìí. Ohun tó ṣiṣẹ́ ni Daily schedules nínú Computing preferences: ẹ yan wákàtí tí iná sábà máa ń wà ládùúgbò yín, kí BOINC máa ṣiṣẹ́ láàárín rẹ̀ nìkan. Bí ẹ bá ní sọ́kẹ́ẹ̀tì tí kò sí lórí inverter, ẹ ki laptop bọ ibẹ̀. Tí NEPA bá lọ, laptop á bọ́ sórí bátìrì tirẹ̀, BOINC á sì dúró bó ṣe yẹ.

Kọ̀ǹpútà orí tábìlì tí kò ní UPS á kú lójijì, ohun tó ti ṣe láti ìgbà tó fi iṣẹ́ pamọ́ kẹ́yìn á sì ṣòfò. Ọ̀pọ̀ prógírámù máa ń fi iṣẹ́ pamọ́ látìgbàdégbà, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo wọn. Tẹ iṣẹ́ kan lójú ìwé Tasks, kí ẹ tẹ Properties, ẹ ó rí “CPU time since checkpoint”. Bí nọ́ńbà yẹn bá ń gòkè fún wákàtí púpọ̀ láìpadà sí òdo, iṣẹ́ yẹn kò bá iná Àkúrẹ́ mu, ẹ wá òmíràn.

Laptop kékeré tí kò ní AVX ńkọ́? Ẹ gbé BOINC sórí rẹ̀, kó máa lo core kan. Ẹ̀yà SSE2 tàbí SSE3 ni wọ́n á fún un, èsì tó bá mú wá sì níyì bákan náà: wọn kì í kọ sára èsì pé bàrò ńlá ló gbé e wá. Ọjọ́ tí wọ́n fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan láti parí ló yẹ kí ẹ máa wò. Bí kò bá lè bá a, ẹ dín iye iṣẹ́ tí BOINC ń kó pamọ́ kù, kó má gba ju ohun tó lè parí lọ. Fóònù Android náà lè ṣe é. NEON ni wọ́n ń pe tiwọn, kò sì sí ohun tí ẹ máa tàn níbẹ̀ pẹ̀lú.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, ẹ wọ àkáǹtì yín lórí ìkànnì iṣẹ́ tí ẹ yàn, ẹ wo èsì tí kọ̀ǹpútà yín ti dá padà. Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ BOINC máa ń fi ìṣirò kan náà ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà méjì, wọ́n á fi èsì wé ara wọn. Bí wọ́n bá bára mu, wọ́n á kọ Valid. Ẹ tún wo Run time àti CPU time. Bí Run time bá fi púpọ̀ ju CPU time lọ, nǹkan mìíràn lórí kọ̀ǹpútà yín ló ń gba prósẹ́sọ̀ mọ́ BOINC lọ́wọ́. Bí Invalid bá ń pọ̀, kọ̀ǹpútà yín ń ṣìrò ni, ooru ló sì yẹ kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Ẹ dín core kù, ẹ gbọn fáànù. Bí Invalid kò bá lọ lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fi MemTest86 yẹ RAM wò láti alẹ́ mọ́jú, kí ẹ sì dá BOINC dúró títí ẹ ó fi mọ igi tó bàjẹ́.